Pin lókè àbí pin nísàlẹ̀: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ lu ihò sí bọ́ọ̀lù bowling tirẹ̀

Bọ́ọ̀lù bowling, èyí tí a ń yí lójú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ láti fi wó igi mẹ́wàá, méjì ló wà nílé mi ní Bódìjà. Méjèèjì wúwo pọ́n-ùn 14, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Ibi tí wọ́n lu ihò sí nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀kan ni mò ń gbé jáde. Èkejì kò kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ọdún tó kọjá.

Pin ni àmì róbótó tó ń sọ ibi tí orí kókó inú bọ́ọ̀lù kọjú sí. Bó bá wà lókè ihò ìka, bọ́ọ̀lù á sáré jìnnà kó tó yí padà, ìgbà tó bá sì máa yà, á yà bàrá. Bó bá wà nísàlẹ̀ ihò ìka, á tètè máa yí, á sì rọra ṣẹ́ kọ́nà.

Ká sọ ti fífọ́n igi ká, pin lókè ló borí. Ká sọ pé kí bọ́ọ̀lù máa dé ibi tí a rán an, pin nísàlẹ̀ ni. Bí òróró tí wọ́n fi ń pa ojú ọ̀nà bá ti gbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pin lókè máa ń wúlò. Iye owó kan náà ni.

Ibi tó ká mi lára rèé. Pin lókè ni ti ọ̀rẹ́ mi kan, ó sì ń wó igi dáadáa. Mo ya fọ́tò bọ́ọ̀lù rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Amẹ́ríkà, mo ní kí wọ́n lu tèmi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó lù ú kò bèèrè ohunkóhun nípa ọwọ́ mi.

Bọ́ọ̀lù tó ń yí ní ojú kan tó dà bí ìdí òkòtó: gbogbo ara ń pòyì ká, òun dúró sójú kan. PAP ni wọ́n ń pè é, bí oníkálùkù ṣe ń tú bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ló sì ń pinnu ibi tó máa wà. Bí a bá wọ̀n ọ́n láti àárín ihò ìka àti ihò àtàǹpàkò lọ sápá ọ̀tún, ti ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ínǹṣì 5½, tèmi 4½. Lójú, pin wa wà níbì kan náà. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ fi bíi ínǹṣì 5 jìnnà sí PAP, tèmi fi bíi 4. Irú bọ́ọ̀lù tiwa yìí, bí ìjìnnà pin rẹ̀ sí PAP bá ṣe ń sún mọ́ ínǹṣì 3⅜ ló ṣe máa ń yà sí i. Ọwọ́ tèmi tún ń yí bọ́ọ̀lù púpọ̀. Tó bá dé ìparí ọ̀nà tí kò ní òróró, á kọjá níwájú igi àkọ́kọ́ bọ́ sí òdìkejì, á fi igi méjì tó jìnnà síra sílẹ̀ fún mi.

Tẹ́lẹ̀, wọ́n lè lu ihò kan sí i láti fi dín yíyà rẹ̀ kù. Láti 1 Oṣù Kẹjọ 2020, USBC, àjọ tó ń darí bowling ní Amẹ́ríkà, ti fòfin de ihò tí a kò fi ìka sí nínú ìdíje wọn. Ó kù kí wọ́n dí àwọn ihò ìka tó wà lára rẹ̀, kó gbẹ, kí wọ́n dán an, kí wọ́n tún un lù. Mi ò rí ẹni tó lè ṣe é fún mi n'Ìbàdàn. Owó yẹn wọlẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó rà, ẹ yá bọ́ọ̀lù tó bá ọwọ́ yín mu. Ẹ lẹ téèpù funfun kékeré mọ́ ibi tí ẹ rò pé PAP wà, ẹ jù ú, kí ẹnì kan fi fóònù ká fídíò rẹ̀. Bí téèpù bá ń fì, ẹ sún un. Bó bá dúró ṣinṣin bí bọ́ọ̀lù ṣe kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ti rí i.

Ẹni tó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù sáré jìnnà kó tó yà bàrá, pin lókè yẹ ẹ́. Àmọ́ ẹni tí agbára rẹ̀ ò ju bọ́ọ̀lù kan lọ, pin nísàlẹ̀ ni kó mú: bó bá ṣi ọwọ́ jù ú, bọ́ọ̀lù náà á ṣì dé itòsí igi iwájú. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ kọ ìwọ̀n PAP yín sínú ìwé, ẹ fi lé ẹni tó ń lu ihò lọ́wọ́ kó tó tan ẹ̀rọ rẹ̀.