Bàbá tó ń tàwé lẹ́yìn Ọjà Ọba Àkúrẹ́, àti ìwé Corsica tí mo rà lọ́wọ́ wọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń wá ìwé ìtàn ní Àkúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tàwé àlòkù lẹ́yìn Ọjà Ọba, ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, kò ní sáìnbọ́ọ̀dù, tíṣà ni bàbá yìí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé àbúrò mi tó fẹ́ ṣe WAEC ni mo bá débẹ̀ ní Sátidé, àfi bí mo ṣe rí ìwé kan tí wọ́n ya àsíá sí lára, orí ènìyàn dúdú ló wà nínú àsíá ọ̀hún, ó fi aṣọ funfun wé iwájú orí, mo ní bàbá, ilẹ̀ Áfíríkà wo nìyí, wọ́n ní Corsica ni, erékùṣù tó wà láàrin Faransé àti Ítálì. ₦3,000 ni wọ́n pè é, mo ná an títí ó fi di ₦2,200.

Mi ò tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn ará Genoa, ìlú kan ní Ítálì, ló ń jọba lé erékùṣù yẹn lórí tipẹ́, ní 1729 ará ìlú yarí torí owó orí, ní 1736 ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Theodor tiẹ̀ wá jọba fún oṣù díẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìgbà tí Pasquale Paoli, ọmọ Corsica tó di olórí wọn, dé ní 1755 lọ̀rọ̀ wá dọ̀rọ̀. Ó ṣòfin ìlú fún wọn, ó fi Corte tó wà láàrin òkè ṣe olú ìlú, ó dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1765, Amẹ́ríkà ò tíì gba òmìnira nígbà yẹn o! Genoa rí i pé apá òun ò ká wọn mọ́, ló bá gbé wọn lé Faransé lọ́wọ́ ní 1768, àfi bíi pé ewúrẹ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà. Faransé ṣẹ́gun wọn ní Ponte Novu lóṣù karùn-ún 1769, Paoli sá lọ sí London, bí ogún ọdún ló lò níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ó padà wálé ní 1790, òun àti ìjọba tuntun Faransé ò gbọ́ra wọn yé, ó ránṣẹ́ sáwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n wá gba òun, mo ṣí ewé kejì, wọ́n ti ya á! Bí ogún ojú ewé ni ò sí níbẹ̀.

Monday ni mo gun ọ̀kadà padà lọ, inú ń bí mi. Bàbá ò bá mi jiyàn rárá, wọ́n dá ₦700 padà fún mi, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n wá fẹnu sọ èyí tó kù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú Bastia lọ́wọ́ Faransé, wọ́n gba Calvi, Calvi yẹn ni ojú ọ̀tún Nelson, ọ̀gá ológun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ti bàjẹ́. Oṣù kẹfà 1794 làwọn aṣojú ìlú pé jọ sí Corte, wọ́n fi King George Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì, jọba Corsica, wọ́n ṣì ní ilé ìgbìmọ̀ tiwọn. Paoli rò pé òun ni wọ́n máa fi ṣe ajẹ́lẹ̀, Sir Gilbert Elliot, ará Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi síbẹ̀, àwọn méjèèjì ò rẹ́, ní 1795 àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní kí Paoli padà sí London kó lọ máa gbowó ìfẹ̀yìntì. Ní 1796 Sípéènì lọ bá Faransé ṣe, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ẹrù wọn lóṣù kẹwàá, Faransé wọlé padà. Ọdún méjì péré. Bàbá ní kí n rántí ogun Kírìjì, pé ní 1886 àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí náà ló wá bá wa parí ìjà, ṣé wọ́n wá lọ? Mi ò lè dáhùn. London ni Paoli kú sí ní 1807, 1889 ni wọ́n tó gbé egungun ẹ̀ wá sí Morosaglia tí wọ́n bí i sí.

Eruku pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn o, wọn ò sì gba tiransífà, ẹ mú kaṣì dání. Kẹ́ ẹ sì yẹ gbogbo ojú ewé wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Bàbá ti gba nọ́ńbà mi, wọ́n ní àwọn á bá mi wá òmíràn tó pé.