Aṣọ Tó Wù Mí Jù Níbi Oscar Ọdún 2014
Nínú gbogbo aṣọ tí àwọn gbajúmọ̀ wọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa Oscar, ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ fíìmù, ní Los Angeles lọ́dún 2014, èyí tí ilé iṣẹ́ aṣọ Prada rán fún Lupita Nyong'o, òṣèrébìnrin ọmọ Kenya, ló wù mí jù lọ. Àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, tí Lupita fúnra rẹ̀ ní ó ń rán òun létí ìlú Nairobi, gbé ẹwà adúmáadán rẹ̀ yọ, ìsàlẹ̀ aṣọ náà tó ní pílíìtì sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bó ti ń rìn. Ìdèrí wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló fi kún irun rẹ̀ tó gé mọ́lẹ̀, ó sì tó. Ní tèmi, ṣòkòtò péńpé tí olórin Pharrell Williams wọ̀ sábẹ́ kóòtù dúdú kò yẹ irú òde bẹ́ẹ̀ rárá, bó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín.