Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta kúbùsù ọmọ tuntun lórí Instagram, ojú mi ti rí màbo!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àárọ̀ o. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo sì ń pa á rẹ́ torí ìtìjú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ni mo tún rí i tí obìnrin yẹn gbé àwòrán kúbùsù tó fi mú mi síta, òun náà gan-an, àwọn abiyamọ mẹ́ta sì ti wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n ń béèrè pé èló ni. Àyà mi já. Mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ọdún 11 ló fi wojú Olúwa kó tó rọ́mọ bí. Ọdún 11 o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tójú obìnrin ń rí nílé ọkọ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, á yé yín ìdí tí mi ò fi fẹ́ lọ ra kúbùsù onírun tó kún ọjà Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn yẹn, èyí téèyàn márùn-ún máa gbé wá síbi ìkómọ kan ṣoṣo. Mo fẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ rán, alábùlẹ̀, tí wọ́n á to gígékù Ańkárá àti àdìrẹ pọ̀ ní igun mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n á tẹ́ òwú sáàárín, tí wọ́n á wá rán an já látòkè délẹ̀ kí òwú má baà kó jọ síbì kan, tí orúkọ ọmọ á sì wà lára ẹ̀. Nǹkan tọ́mọ náà máa dàgbà bá, táá máa sọ pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fún mi.

Bí mo ṣe rí péèjì obìnrin yìí nìyẹn. Ó ní Èkó lòun wà. Àwọn àwòrán tó wà níbẹ̀ rẹwà débi pé mo ń fi han gbogbo èèyàn níbi iṣẹ́. A sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ó ń pè mí ní mọ́mì mi, ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ó ní ₦78,000 ni gbogbo ẹ̀: kúbùsù ńlá kan, kékeré kan, ìrọ̀rí, fìlà, bíìbù méjì, ìbọ̀sẹ̀ àti báàgì ìlédìí. Nǹkan mẹ́jọ. Ó ní òwú pọ́nńbélé ni, kò sí pọ́líẹ́sítà kankan níbẹ̀, pé àdìrẹ tòun, Ìtòkú l'Abẹ́òkúta lòun ti ń rà á. Mo san ₦50,000 sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ní iṣẹ́ ti parí, kí n san ₦28,000 tó kù, mo san. Ó tún ní ₦6,500 owó páálí àti ríbọ́ọ̀nù. Mo san! Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì kì í ṣe orúkọ péèjì, kì í tiẹ̀ ṣe orúkọ obìnrin, mo sì bi í o, ó ní ti ọkọ òun ni. Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí mi ò ní gbà á gbọ́? Ṣé àwa náà kì í lo àkáǹtì ọkọ wa ni?

Ó gbé e sọ́kọ̀ l'Ọ́jọ́tà, mo lọ gbà á ní páàkì Ìwó Road lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mo tún fún dírẹ́bà ní ₦3,500. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ₦88,000 gbáko. Wọ́n ti wé e sínú bébà ẹ̀bùn, ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ góòlù wà lórí ẹ̀, ó wá fi vóísì nóòtì ránṣẹ́ pé "Mọ́mì mi, ẹ má tú u o, bẹ́ ẹ bá tú u kò ní ṣeé wé padà bó ṣe wà, ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ fọwọ́ ara ẹ̀ tú u." Mi ò sì tú u. Èmi tí mo máa ń tú apẹ̀rẹ̀ tòmátì dé ìsàlẹ̀ ní Bódìjà kí n tó sanwó, èmi náà ni mi ò tú ẹrù ₦88,000 wò. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n ti fi oyin, iyọ̀, obì àti orógbó ṣàdúrà fọ́mọ tán, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, ó kan ẹ̀bùn. Wọ́n pè mí síta. Àbúrò mi tú u. Ìyá ọkọ ẹ̀ gbà á, ó gbé e sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i, lẹ́tà U kan bá já bọ́ sílẹ̀. Ó já bọ́ o! Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́! Ìtùnúolúwa lorúkọ ọmọ náà, lẹ́yìn ọdún 11, orúkọ ẹ̀ wá ń já bọ́ lójú àwọn àna mi. Ìyàwó ilé kan bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní "Àǹtí, tiyín rèé o." Mi ò lè gbàgbé ohùn tó fi sọ ọ́.

Kò tán síbẹ̀. Nǹkan márùn-ún ló wà nínú páálí, kò sí báàgì, kò sí kúbùsù kékeré, bíìbù ku ẹyọ kan. Wọ́n ṣáà tẹ́ kúbùsù náà, wọ́n gbé ọmọ lé e fún fọ́tò, nígbà tí wọ́n máa gbé e kúrò, aró búlúù ti wà lára léèsì funfun tí wọ́n wọ̀ fún un, ó wà létí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Itọ́ ọmọ lásán ló kàn án o, kì í ṣe omi.

Mo gbé e padà sílé, mo fi àlùmọ́gàjí la inú ẹ̀. Òwú dà? Gígékù yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé, èérún fóòmù, làílọ́ọ̀nù, eyín síìpù, àti abẹ́rẹ́ píìnì kan, èyí táwọn télọ̀ fi ń di aṣọ mú kí wọ́n tó rán an. Abẹ́rẹ́! Nínú kúbùsù ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ! Wọ́n gbé ọmọ tí wọ́n fi ọdún 11 wá lé orí abẹ́rẹ́, èmi ni mo gbé e wá, èmi ni mo sanwó ẹ̀. Látìgbà yẹn mi ò rí oorun sùn.

Àdìrẹ Ìtòkú tó wí ńkọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ funfun nini. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Aṣọ tí wọ́n bá rẹ sínú aró, àwọ̀ ẹ̀ máa ń wọ̀ ọ́ já sẹ́yìn. Àdìrẹ gidi náà máa ń ṣí àwọ̀ ní fífọ̀ àkọ́kọ́, mi ò purọ́ mọ́ ọn, ìdí nìyẹn téèyàn fi gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó rán an fọ́mọ, pàápàá nítorí kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń pò mọ́ aró.

Mo pè é. Ó ní ṣé mo rò pé ₦78,000 lowó ni, pé ẹni tó bá fẹ́ ojúlówó á san ₦200,000. Ó wá blọ́ọ̀kì mi lórí WhatsApp. Àbúrò ọkọ mi ló fi àwọn àwòrán péèjì ẹ̀ sínú Google Lens, ohun tó máa ń wá ibi tí àwòrán ti jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló bá di pé ti obìnrin òyìnbó kan tó ń tajà lórí Etsy, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, l'Amẹ́ríkà ni. Kò rán ọ̀kankan nínú ẹ̀!

Kẹ́nikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ojúkòkòrò ló bá mi o. Mi ò wá ọjà ọ̀fẹ́. Mo béèrè ìbéèrè, mo ka ohun táwọn kọ́sítọ́mà kọ, gbogbo wọn ń yìn ín, ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé ó lè jẹ́ òun ló kọ ọ́? Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé télọ̀ wa ní Mọ́kọ́lá, tó ti ń ránṣọ fún mi látọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní kí n kó gígékù Ańkárá wá, òun á rán an ní ₦30,000. Mo ní tiẹ̀ ò ní fín tó. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ẹ fi àwòrán wọn sínú Google Lens kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò iṣẹ́ yín, kí orúkọ yín àti déètì ọjọ́ náà hàn níbẹ̀. Ẹ má san gbogbo owó tán. Ẹ tú ẹrù níbi páàkì, kò sí ríbọ́ọ̀nù tó yẹ kó dí yín lọ́wọ́! Ẹ fa fọ́nrán òwú kan yọ, ẹ fi iná sí i: òwú gidi á rùn bíi bébà tó ń jó, eérú ẹ̀ á rọ̀, pọ́líẹ́sítà á yọ́, á wá le bí òkúta. Ẹ fa bọ́tìnnì àti ìlẹ̀kẹ̀ wò torí ọmọ lè gbé e mì. Àti pé nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa, kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan má sun pẹ̀lú kúbùsù tó nípọn tàbí ìrọ̀rí, ìrọ̀rí tí obìnrin yìí ń tà fún wa!

Ní tèmi, mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń tajà lórí fóònù gbọ́ mọ́, gbogbo wọn. Ẹ̀yin olóòótọ́ inú wọn, ẹ má bínú sí mi, ẹni tó ba yín lórúkọ jẹ́ ni kẹ́ ẹ bínú sí.

Mo ti kọ̀wé sí báǹkì mi, mo sì ti fẹjọ́ sùn FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, torí wọ́n ní òfin ọdún 2018 wọn fún wa láàyè láti dá ọjà tí kì í ṣe ohun tá a béèrè padà. Ẹni tó bá ti sanwó fún un, kó fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo tọ́jú vóísì nóòtì ẹ̀ àti abẹ́rẹ́ yẹn. Télọ̀ Mọ́kọ́lá ti ń rán òmíràn. Mo jókòó tì í lánàá títí tó fi rán orúkọ ọmọ tán, mo sì fọwọ́ ara mi fa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wò.