Warrior: Eré Oníjà Tí Kò Fi Ìjà Ṣe Ọ̀ṣọ́

Bí a bá ní kí n mú eré oníjà kan ṣoṣo nínú àwọn tí ó ti jáde lórí tẹlifíṣàn ní ọdún àìpẹ́ yìí, Warrior ni n óò mú, nítorí pé kò sí ìjà ńlá kan nínú rẹ̀ tí a lè yọ kúrò kí ìtàn má fẹsẹ̀ kọ. Fún àwa ará Àkúrẹ́ tí fíìmù Ṣáínà tọ́ dàgbà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹsẹ̀ títa àti ìfò sókè ni a máa ń retí láyé ìgbà náà. Ẹni tí ó bá ń bèèrè ohun tí ó fa ìjà, àwọn tí ó jókòó tì í a ní kí ó dákẹ́.

Bruce Lee ni ó kọ èrò eré yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí i kí ó di eré títí ó fi kú ní 1973. Ọmọbìnrin rẹ̀, Shannon Lee, pẹ̀lú Justin Lin àti Jonathan Tropper, ni ó wá gbé e jáde ní 2019. San Francisco ti àwọn ọdún 1870 ni ìtàn náà dá lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti yà á. Ah Sahm, tí Andrew Koji ṣe, wá láti Ṣáínà láti wá arábìnrin rẹ̀. Kò tíì gbádùn ilẹ̀ tí ó tẹ̀ tí wọ́n fi tà á fún Hop Wei, ẹgbẹ́ ọ̀daràn àwọn ará Ṣáínà kan, arábìnrin náà sì ti di aya olórí Long Zii, ẹgbẹ́ tí ń bá Hop Wei du agbègbè. Ní ìta, inú ń bí àwọn òṣìṣẹ́ Irish pé owó táṣẹ́rẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà ń gbà ń já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn.

Ẹ wo ìjà Ah Sahm pẹ̀lú Li Yong, oníjà ẹgbẹ́ Long Zii, nítòsí òpin ìpele kìíní. Títí di ìgbà náà, Ah Sahm a máa rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ó tó kan ènìyàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, a sì máa fi ọ̀tá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Joe Taslim, ọmọ Indonesia tí ó ti ta júdò fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ rí, ni ó ṣe Li Yong, kò sì ṣe àṣehàn kankan: ó dúró, ó ń wò, kò fi ìgbésẹ̀ kan ṣòfò. Nígbà tí Ah Sahm bá fi máa wà nílẹ̀, a ti mọ̀ pé ìgbéraga ni ó dá a, kò sì sí ẹni tí ó ní láti là á sọ. Leary, aṣáájú àwọn Irish, ẹ̀ṣẹ́ lásán ni ó fi ń jà ní tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ náà wúwo, ìbínú rẹ̀ sì nídìí, n kò sì lè kórìíra rẹ̀ tán.

Ọgbọ́n mìíràn tí mo yìn ni ti èdè. Bí àwọn ará Ṣáínà bá dá wà, Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán ni a ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Bí aláwọ̀ funfun bá ti wọlé, ó di èdè Cantonese. Ẹni tí ó ti rí àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ọjà Ọba tí wọ́n ń fi èdè Àkúrẹ́ pa àwàdà, tí wọ́n sì yí ohùn padà kíá nígbà tí oníbàárà àjèjì yọjú, kò nílò àlàyé.

Eré náà ní àléébù o. Ìtàn àwọn olóṣèlú ìlú a máa fà, pàápàá ní ìpele kejì, ìhòòhò àti ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ débi pé kò yẹ kí a wò ó pẹ̀lú ọmọ. Ìpele mẹ́ta péré, apá 30, ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá a dúró ní ìparí 2023, ọ̀rọ̀ kò sì tíì tán.

Ẹni tí kò fẹ́ ná owó dátà lásán lè kọ́kọ́ wo apá 5 ìpele kìíní, níbi tí Ah Sahm àti Young Jun, ọmọ olórí Hop Wei, ti há sí ilé ọtí kan láàárín aṣálẹ̀ Nevada pẹ̀lú àwọn ọlọ́ṣà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró fúnra rẹ̀, bí kò bá sì wù yín, ìyókù kò lè wù yín.