Orí ọkọ̀ ojú irin kékeré: èwo ni kí ẹ rà, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Àwòṣe kékeré orí ọkọ̀ ojú irin méjì, irú èyí tó ń fi iná sáré lórí irin kékeré, ló wà lórí tábìlì mi ní Mọ́kọ́lá bí mo ṣe ń kọ èyí. Class 37 ni àwọn méjèèjì, orí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe 309 irú rẹ̀ fún rélùweè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1960 títí di 1965. Ilé iṣẹ́ Lima ló ṣe ọ̀kan, tòkunbọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ilé iṣẹ́ Bachmann ló ṣe ìkejì, òun kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, imú kan náà, fèrèsé kan náà, gígùn kan náà. Ẹ wá gbé wọn sọ́wọ́. Lima fúyẹ́ bí agolo mílíìkì tó ti tán. Bachmann ń fa ọwọ́ wálẹ̀. Ohun tó mú kí ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ ni mo fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ra tirẹ̀ mọ̀ kó tó sanwó, torí bọ́dì là ń rí nínú fọ́tò, ṣásí là ń bá gbélé.

Ìwọ̀n wo ni kí ẹ mú?

Ìwọ̀n mẹ́ta ló wọ́pọ̀. OO ni tàwọn Gẹ̀ẹ́sì, 1 sí 76, ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 76 gùn jù ú lọ. HO ni Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, 1 sí 87. N ló kéré jù nínú wọn, 1 sí 160, àmọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe tiwọn ní 1 sí 148. Class 37 gidi gùn tó mítà 18.7. Ní OO, ó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24 àti ààbọ̀, rúlà ọmọ iléèwé fi díẹ̀ gùn jù ú lọ. Ní N, kò pé 13, ẹ lè tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́.

Orí irin kan náà ni OO àti HO ń rìn, àlàfo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16.5. Fún HO, àlàfo yẹn bá ti rélùweè gidi mu wẹ́kú: mìlímítà 1435, irú irin tó ti Èkó dé Mọ́níyà tí wọ́n ṣí ní 2021. Fún OO, irin náà fún díẹ̀ lábẹ́ bọ́dì. Ó ń bí àwọn kan nínú. Èmi kì í tilẹ̀ rí i mọ́ bí ọkọ̀ bá ti ń lọ.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ irin àtijọ́ ńkọ́, èyí tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, tó gba Dùgbẹ̀ kọjá? Mìlímítà 1067 ni tirẹ̀, kò sì bá ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Àwọn ará New Zealand, tí irin tiwọn náà jẹ́ 1067, ti rí ọgbọ́n kan dá sí i: wọ́n ń ṣe bọ́dì ní 1 sí 64, wọ́n á gbé e lé ṣásí tó ń rìn lórí irin 16.5. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu géérégé. Bọ́dì náà, ọwọ́ ẹni la fi ń gé e láti ara ike pẹlẹbẹ. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, torí òun ló lè gbé ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa wọ̀ padà wá sójú wa. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ná kí ẹ tó dán an wò.

Ní ti àyè, orí ọkọ̀ OO tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan kì í fẹ́ kọ́nà tó há. Ibi tó ti máa yí po dáadáa gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà kan. N lè yí po lórí tábìlì ìkàwé. Bó bá jẹ́ yàrá kan àti pálọ̀ lẹ ní, tó sì jẹ́ pé kó kàn máa sáré lẹ fẹ́, ẹ mú N. Bó bá jẹ́ pé kíkùn àti àtúnṣe lẹ fẹ́ fọwọ́ kàn, ẹ má rà á. Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kéré ju orí abẹ́rẹ́ alápò lọ.

Inú wọn

Mọ́tọ̀ Lima rí róbótó, ó pẹlẹbẹ bíi bisikíìtì, inú ẹsẹ̀ ìpẹ̀kun kan ló jókòó sí. Ìpẹ̀kun yẹn nìkan ló ń ti ọkọ̀, èkejì kàn ń tẹ̀lé e ni. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wé àwọn ẹsẹ̀ kan kó má baà máa yọ̀, ìwọ̀nba ẹsẹ̀ díẹ̀ ló sì ń gba iná láti ara irin. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ti bo irin, ó máa ń dúró lójijì, ẹ ó fi ìka tì í. Ariwo rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀rọ ata tó wà ní ojúlé kẹta.

Ti Bachmann, àárín gbùngbùn ni mọ́tọ̀ wà, irin róbótó wúwo tó ń mú kó máa yí lọ geere wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀, ọ̀pá sì lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Gbogbo ẹsẹ̀ ló ń tì, gbogbo wọn ló ń gba iná. Ó lè rọra wọ́ bí ọkọ̀ tó ń wọ ibùdókọ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé kí ẹ ju Lima nù. Kábọ́ọ̀nù inú mọ́tọ̀ rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Ẹni tó ń tún fáànù ṣe ní àdúgbò yín yóò mọ ohun tó ń wò bí ẹ bá ṣí i hàn án. Owó rẹ̀ kéré, ọwọ́ yín kò sì ní máa gbọ̀n nígbà tí ẹ bá gbé ọ̀bẹ sí bọ́dì rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, Lima ni kó rà.

Àárín àwọn méjèèjì ni àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ilé iṣẹ́ Athearn ti Amẹ́ríkà wà, HO ni wọ́n. Mọ́tọ̀ wọn wà láàárín, ìpẹ̀kun méjèèjì ń tì, inú wọn kò sì lọ́jú pọ̀. Tí ẹ bá rí F7, orí ọkọ̀ onímú gbọ̀ǹgbọ̀ tí wọ́n ṣe ti gidi rẹ̀ láti 1949 dé 1953, tí kò tíì fọ́, ẹ rà á. Ẹ kàn yẹ gíà oníke ara ọ̀pá ẹsẹ̀ wò. Bó bá ti là, ọkọ̀ á máa fò bí ẹni tó ń tiro.

Tòkunbọ̀ tó jẹ mí lówó

Mo ra ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó tà á ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí mo ṣí páálí, ṣásí rẹ̀ ti wú, ó ti sán bí ògiri amọ̀. Irin síńkì tí òjé bá ti dà mọ́ nílé iṣẹ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá pẹ́, ọ̀rinrin sì máa ń yá a lára. Kò sí oògùn rẹ̀. Látìgbà náà, mi ò ní sanwó láìrí fọ́tò abẹ́ ọkọ̀ àti fídíò ibi tó ti ń rìn díẹ̀díẹ̀, síwájú àti sẹ́yìn. Bí fídíò bá fi ibi tó ti ń sáré nìkan hàn, ẹ tún béèrè.

Iná

Ẹ̀rọ tó ń fún irin níná láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu, fóòtì rẹ̀ náà bá tiwa mu. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ẹ tì í bọ iná wa lásán, ó jó nìyẹn. Ẹ ra orí ọkọ̀ wọn nìkan, kí ẹ fi ti Gẹ̀ẹ́sì fún un níná: fóòtì 12 ni àwọn méjèèjì ń lò lórí irin. Märklin ti Jámánì dára gan-an, àmọ́ àárín irin ló ti ń gba iná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á so iná pọ̀ lórí irin tiwa, nítorí náà ẹ má rà á láìra irin rẹ̀. DCC, ètò díjítà tó ń darí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lórí irin kan náà, lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Kíkùn

Ibí ni tòkunbọ̀ ti ń borí túńtún pátápátá. Ẹ ra èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, tí ṣásí rẹ̀ le. Ẹ rẹ bọ́dì sínú ọtí isopropyl, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní inú bọ́dì. Ẹ má gbé e lọ bá àwọn tó ń kun mọ́tò: tínà wọn á yọ́ ike. Ọ̀dà acrylic ni kí ẹ lò, kí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ṣáájú èyí tó ṣú, torí yẹ́lò kì í bo àwọ̀ ewé. Nígbà òjò, ẹ dúró di ọjọ́ tí oòrùn ràn, kí fáníìṣì má baà funfun. Nígbà ọyẹ́, ẹ dé abọ́ lé e kó tó gbẹ.

Kí ẹ tó po àwọ̀ ìpẹtà, ẹ lọ dúró ní Mápó, kí ẹ wo òrùlé páànù. Ìpẹtà kì í ṣe pupa kan ṣoṣo. Ti ọdún yìí pọ́n bí òsùn, ti àtijọ́ ṣú bí gúgúrú tó jóná, ọwọ́ ibi tí omi ń ṣàn sí ló sì ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rí lábẹ́ ihò èéfín dísẹ́ẹ̀lì náà.

Lima mi ló wà níwájú mi báyìí. Yẹ́lò imú rẹ̀ ti gbẹ láàárọ̀, mo ti fi téèpù bò ó, mo fi èékánná tẹ etí téèpù náà yíká fèrèsé kí ọ̀dà má baà yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ku àwọ̀ ewé.