Kíláàsì Lárúbáwá ti Ààfáà ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́: ohun tí nọ́ọ̀sì kan rí gbà níbẹ̀

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ti wá pè mí ní Riyadh, olú ìlú Saudi. Mo ti ṣe ìdánwò Prometric, èyí tí nọ́ọ̀sì ń ṣe kó tó lè ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, mo yege. Físà ni mò ń retí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti wà lọ́hùn-ún fún ọdún mẹ́ta ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé, "Ìyá Ayọ̀, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ìwé aláìsàn níbí o, ṣùgbọ́n Lárúbáwá ni aláìsàn ń sọ. Àárín méjèèjì yẹn niṣẹ́ wà." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé kíláàsì Ààfáà ní Sábó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo parí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí mo sanwó rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń múra ìrìn àjò bíi tèmi, ì báà jẹ́ iṣẹ́, ì báà jẹ́ Mẹ́kà.

Kí n tó gbọ́ nípa Ààfáà, áàpù ìtumọ̀ kan tó wà lórí fóònù mi ni mo gbójú lé. Ọ̀rẹ́ mi á sọ gbólóhùn tó gbọ́ lẹ́nu aláìsàn lọ́jọ́ náà, èmi á gbé e fún áàpù. "Indi sukkar": ó ní "I have sugar". "Indi daght": ó ní "I have pressure". "Indi harara": ó ní "I have heat". Kò parọ́, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ "I have heat" sínú ìwé aláìsàn, tí dókítà yóò fi mọ oògùn tó máa fún un?

Yàrá kan ṣoṣo ni kíláàsì náà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí òórùn àwọn alálùbọ́sà ìsàlẹ̀ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ààfáà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mákásì Agége ló ti kàwé, ilé ẹ̀kọ́ tí Ṣéù Adam Abdullahi Al-Ilory dá sílẹ̀ ní 1952, ó sì tún fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Owó wa jẹ́ ₦20,000, ọjọ́rú àti Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì. Àwa mẹ́jọ la jọ wà níbẹ̀: nọ́ọ̀sì méjì, awakọ̀ kan, ìyá àgbà méjì tó ń lọ Mẹ́kà, ìyókù jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ṣí ìwé kankan. Ó nawọ́ sí ojú fèrèsé, ó bi wá pé kí ni wọ́n ń tà nísàlẹ̀. A ní àlùbọ́sà. Ó ní, "Al-basal. Ẹ ti mọ ọ̀kan." Ó wá kọjú sí mi. "Nọ́ọ̀sì, bí ìyá àgbà kan bá dé ọ̀dọ̀ yín láti oko, tó ní ara òun gbóná, kí lẹ máa kọ sílẹ̀?" Mo ní "fever". "Ó ní òun ní ṣúgà ńkọ́?" Mo ní "diabetes". "Wọ́n ní ìfúnpá rẹ̀ ga?" Mo ní "hypertension". Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ooru ni harara, ṣúgà ni sukkar, fífún nǹkan mọ́lẹ̀ ni daght. Bí àwa ṣe ń sọ ọ́ làwọn náà ń sọ ọ́. Ẹ gbà á lẹ́nu wọn, ẹ kọ́kọ́ gbé e gba ilé Yorùbá, kí ẹ tó gbé e lọ sí ti Gẹ̀ẹ́sì."

Ọ̀nà tó fi kọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nìyẹn, òun gan-an ni mo sì ń tìtorí ẹ̀ kọ èyí. Mi ò rí i níbòmíì. Gbogbo ìwé tí mo ti rà tẹ́lẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọ̀gá, bí ẹni pé kò sí èdè kankan ní ẹnu mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni mí, a bí mi sínú ẹ̀ ni. Nígbà tí Ààfáà kọ àdúrà, àlùfáà, wòlíì, ìwàásù, àlàáfíà àti sùúrù sójú pátákó, tó ní Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti wá, mo jókòó mo ń wò ó. Kò sí Sọ́ńdè kan tí mi ò kì í pe mẹ́rin nínú wọn kí n tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣàlàyé pé àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn kí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tó parí Bíbélì Yorùbá ní 1884, pé èdè tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọ́n lò. Mo délé, mo ṣí Bíbélì mi, mo ń fi pẹ́ńsù sàmì sí wọn.

Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún wa: ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ti di ọmọ ilé, kò ní ìwà tó gbé wá mọ́. Wòlíì tiwa ni ẹni tí Ọlọ́run ń rán níṣẹ́. Lọ́dọ̀ wọn, "nabi" nìyẹn, èyí tí àwọn Mùsùlùmí wa ń pè ní ànábì. "Wali" tí màá gbọ́ ní ọsibítù ni alágbàtọ́, ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọdé. "Guardian" ni màá kọ. Àlàáfíà náà ti yí díẹ̀. Nínú Bíbélì wa, "peace" ni. Lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, ìlera ni "afiya", "salam" ni wọ́n ń pe "peace". Ẹni tó bá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ á ní "Allah yatik al-afiya". Áàpù mi ní "May God give you wellness". Ààfáà ní, "Kí la máa ń sọ tí a bá bá èèyàn lẹ́nu iṣẹ́?" Gbogbo wa jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: Ẹ kú iṣẹ́! Ó ní ká wá wá a ní Gẹ̀ẹ́sì. A wá a tì. "Well done" tí a máa ń lò, ọmọ tó yege ìdánwò ni Òyìnbó ń sọ ọ́ fún.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, "hamdillah ala as-salama": ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọjọ́ ọdún, "kull am wa antum bikhayr": àṣèyí ṣàmọ́dún. Gẹ̀ẹ́sì á kàn ní "welcome", á ní "happy new year", àdúrà inú ẹ̀ á sì ti jò dànù. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Umm Khalid kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bá ọmọ rẹ̀ wí, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè, bí wọ́n ṣe ń pè mí ní Ìyá Ayọ̀. Àmọ́ orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni kí n bèèrè kí n tó fún un lóògùn.

Ọjọ́ tó dára jù lọ ni ọjọ́ nọ́ńbà. Ààfáà kó páálí oògùn tó ṣófo wá, èyí táwọn alálàájì kó bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ 5 lọ́hùn-ún jọ òdo wa gan-an: ٥. Òdo tiwọn, àmì tóótó (dot) lásán ni: ٠. 6 tiwọn, ٦, fẹ́ jọ 7 wa. Lẹ́tà wọn ń ti ọ̀tún bọ̀ wá sí òsì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ń ti òsì lọ sí ọ̀tún bíi tiwa. Ẹ wo ٥٠ lára páálí oògùn, tí ojú ti ń kún fún oorun ní aago mẹ́ta òru: àádọ́ta ni o, kì í ṣe òdo. Èmi àti nọ́ọ̀sì kejì wo ara wa, a ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ti kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sára ògiri yàrá mi báyìí.

Ibi tí kò ti tẹ́ mi lọ́rùn wà, mo sì ti sọ ọ́ lójú Ààfáà. Àkọ́kọ́ ni fọ́tòkọ́pì tí wọ́n ń pín fún wa. Ó dúdú, ó sì kún fún àbàwọ́n, bẹ́ẹ̀ àmì tóótó ló ń ya lẹ́tà Lárúbáwá sọ́tọ̀. Jamal ni ràkúnmí, haml ni oyún; bí wọ́n bá kọ wọ́n láìsí àmì fáwẹ́lì, àmì tóótó kan ṣoṣo lábẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ ló yà wọ́n. Nínú ìwé tèmi, mi ò lè mọ̀ bóyá àmì tóótó ni mò ń wò àbí ìdọ̀tí ẹ̀rọ. Ẹ ronú nípa ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn lóyún.

Èkejì, Lárúbáwá inú ìwé ni Ààfáà ń kọ́ni. "Uridu maan" ló kọ́ wa fún "mo fẹ́ omi". Nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi, ó ní wọ́n á gbọ́ ọ o, ṣùgbọ́n "abgha moya" ni aláìsàn òun máa ń sọ. Mo gbé e padà dé kíláàsì. Ààfáà kò bínú. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mú arákùnrin kan wá tó ti wa ọkọ̀ ní Jeddah fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní kó máa sọ tẹnu àwọn ará ìgboro fún wa. Wákàtí méjì yẹn wúlò gan-an, ìbá dára kó pọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

A kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Ọjọ́ tí iná ò bá sí, jẹnẹrétọ̀ àwọn wẹ́dà ìsàlẹ̀ máa ń bo ohùn Ààfáà mọ́lẹ̀, àwọn ìyá àgbà méjèèjì ni ìyẹn sì ń ni lára jù.

Lọ́jọ́ tí a parí, mo béèrè ohun tí màá sọ fún aláìsàn tó ń jẹ ìrora, tí n kò ní oògùn lọ́wọ́ fún un lásìkò yẹn. Ó ní, "Salamtak fún ọkùnrin, salamtik fún obìnrin." Mo bi í pé kí ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Kí lẹ ń sọ fún wọn ní wọ́ọ̀dù yín níbí?" Mo ní pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Òun náà ni. Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ sọ ọ́ fún aláìsàn, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ìrọ̀rí ẹ̀."

Àwọn tuntun máa bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn Iléyá. Èèyàn mẹ́wàá péré ni àga tó wà níbẹ̀ lè gbà, ẹ tètè lọ. Ẹ mú pẹ́ńsù tó ní ìpàwérẹ́ dání, kí ẹ sì fi fóònù ya ohun tó bá kọ sójú pátákó, ẹ má gbára lé fọ́tòkọ́pì. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ọ̀yọ́ á máa wọkọ̀ wá ní Sátidé. Mo ti san owó tiẹ̀ sílẹ̀.