Ká ṣa ẹsẹ Bíbélì jọ ni, àbí ká ka odidi ìwé?

Ìbéèrè yìí kì í tán láàárín àwa tá à ń ka Bíbélì pọ̀ l'Aké, l'Abẹ́òkúta.

Ṣíṣa ẹsẹ jọ yá, kò gba wàhálà. Àmọ́ ewu rẹ̀ pọ̀: èrò tó ti wà lọ́kàn wa tẹ́lẹ̀ ló ń bá wa yan ẹsẹ. Ẹ wo Jeremáyà 29:11, ìlérí Ọlọ́run nípa àlàáfíà àti ìrètí, tá a fi ń súre ọdún tuntun. Àwọn ìgbèkùn ni wòlíì kọ ọ́ sí, ẹsẹ 10 sì ti sọ pé ọdún 70 gbọ́dọ̀ pé ní Bábílónì ná!

Odidi ìwé ń fẹ́ sùúrù, ṣùgbọ́n ìwé náà á sọ tẹnu ẹ̀. Ìwé Fílípì ò ju orí 4 lọ. Ẹ lè kà á tán kí mọ́tò tó kún ní Kútọ̀.

Ẹni tó fẹ́ gbàdúrà fún aláìsàn lóru, kó ṣa ẹsẹ. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìjọ lẹ́kọ̀ọ́, kó ka odidi ìwé.